Àmù Inú Yàrá

Ebu kọ́kọ́ yọ lára ògiri yàrá wa níbi tí ọmọbìnrin mi máa ń gbé orí sí, ó dúdú tótòtó. Mo fi kànìnkànìn gbo ó kúrò. Lọ́jọ́ kẹta, ó ti padà. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ọmọ náà, ikọ́ rẹ̀ sì ti wọ oṣù kejì. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè jókòó síbì kan. N ó ká ẹní, n ó tẹ́ ẹ padà, n ó tún lọ fọwọ́ kan ògiri.

Odòde ní Ìdànrè la háyà yàrá sí nígbà náà, ọdún díẹ̀ ṣáájú òmìnira. Oko kòkó lọkọ mi bá dé ibẹ̀. Mo ní pánù ló ń jò, mo sì lé e gun òrùlé lẹ́ẹ̀mejì.

"Ìyá ọmọ, kò sí ihò kankan níbí o!"

Mo ní ojú rẹ̀ ni kò ríran.

Àmù tí ìyá mi fún mi nígbà ìgbéyàwó wà ní igun yàrá, ìdí rẹ̀ rì sínú yanrìn tí mo máa ń wọ́n omi sí kí omi mímu lè tutù. Ìyá mi ti kú; àmù yẹn nìkan ló kù mí kù lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ikọ́ bá ti gbé ọmọ, omi inú rẹ̀ ni mo ń bù fún un. Ṣùgbọ́n omi náà kì í pẹ́ tán. Mo ní àwọn ará ilé ló ń jí i mu. Mo pe obìnrin yàrá kejì ní olè lójú gbogbo èèyàn. Ó bú sẹ́kún. Kí n má purọ́, inú mi dùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Màmá onílé wá wo ọmọ. Ó wo ògiri, ó wo igun, ó ti ọwọ́ bọ inú yanrìn títí dé ìgúnpá.

"Ìyàwó, ìgbà wo lo wọ́n omi sí i kẹ́yìn?"

"Ó tó ọjọ́ mẹ́rin, Màmá. Ó ṣì tutù dáadáa."

"Ẹ gbé e."

Ọkọ mi wà lóko. Obìnrin yàrá kejì ni Màmá ké pè. Ó wá, àwa méjèèjì sì gbé àmù. Ìdí rẹ̀ ti sán, èékánná lè wọ ibẹ̀. Yanrìn tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó tutù, ta ni yóò bi í léèrè ìdí tó fi tutù? Ògiri ló ń mu omi mi láti ọjọ́ yìí wá, òun náà lọmọ mi ń forí tì sùn.

Mo sunkún lórí àmù ìyá mi, lẹ́yìn náà mo kó yanrìn dà nù, mo gbé ìkòkò iná èédú sínú yàrá, mo ṣí fèrèsé sílẹ̀ títí ògiri fi gbẹ. Ikọ́ náà lọ. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú obìnrin yàrá kejì.

"Ó ti tán," ló wí.

Ṣùgbọ́n títí a fi kó kúrò nílé yẹn, bí mo bá bu omi fún un, á ní òùngbẹ ò gbẹ òun.