Obìnrin Kan Ṣoṣo Nínú Ìgbìmọ̀ Ẹgbẹ́ Oníkòkó

Ọ̀dọ̀ ẹlẹ́mu ni ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ oníkòkó wa ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ ti máa ń ṣe ìpàdé gidi. Èyí tí à ń ṣe nínú kíláàsì ilé ìwé, ojú ayé lásán ni. Èmi nìkan lobìnrin inú wọn. Bí a bá ti ṣàdúrà ìparí tán, wọ́n á forí lé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́mu, èmi á gun ọ̀kadà lọ sílé. Obìnrin wo ni yóò jókòó ti ẹmu pẹ̀lú ọkọ ọlọ́kọ, tí wọn ò ní fi ṣe ọ̀rọ̀ sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì?

Ibẹ̀ ni wọ́n ti pinnu pé a ò ní í tètè ta kòkó ọdún yẹn. Kí kálukú kó tirẹ̀ sínú sítọ́ọ̀ ẹgbẹ́ títí owó rẹ̀ yóò fi gòkè. Kí n tó gbọ́, wọ́n ti kó àpò wọlé. Inú bí mi. Àwa obìnrin là ń sá kòkó, kò sì sẹ́ni tó bi wá bóyá ó ti gbẹ. Kò tíì gbẹ. Òjò ò jẹ́.

Mo tọ alága lọ. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kó o jáde ká tún un sá. Bọ́kùnrin réjò, tóbìnrin pa á, kéjò ṣáà ti kú ni."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá Tíṣà! Ejò wo lẹ rí níbí? Ẹ fọkàn balẹ̀, ọkùnrin ń bẹ nílé."

Òjò ń rọ̀ ṣáá. Bí mo bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítọ́ọ̀ náà, òórùn kan máa ń kọlù mí, bíi ti aṣọ tí wọ́n ká ní tútù. Ẹ̀rù bà mí. Iṣẹ́ ọdún kan gbáko ti gbogbo ilé tó wà nínú ẹgbẹ́ ló wà níbẹ̀, àti tèmi tí mo jẹ́ opó. Mo tún gbé ọ̀rọ̀ náà dìde nípàdé. Wọ́n ní kí n bá wọn bu omi wá fún àlejò. Ìgbà tí mo fi dé, wọ́n ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ọjọ́ tí oníbàárà dé ni wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Àpò tí wọ́n kọ́kọ́ tú ti bu, ó funfun. Èyí tó tẹ̀ lé e náà bu. Oníbàárà ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ a pàdé. Alága ní ara òun ò gbé e mọ́, pé ayé ti yí padà, ó tó kí obìnrin ṣe olórí. Gbogbo wọn nawọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tí wọn ò gbà sí mi lẹ́nu rí. Níta, mò ń gbọ́ ọ̀kadà lọ́tùn-ún lósì: àwọn tó ni kòkó ti ń dé, ariwo wọn sì ń le sí i.

Alága dìde kúrò lórí àga. "Ó yá, Ìyá Alága," ó wí, "ẹ jáde lọ bá wọn sọ̀rọ̀."