Pọ́ǹpù Oníná Lábẹ́ Lọ́rì Fẹ̀hìntọlá

Ọdún mọ́kànlélógún ni Cornelius Ọmọ́tọ́ṣọ́ fi ṣiṣẹ́ ní ọgbà rélùwéè Òṣogbo. Àwọn ẹ́ńjìnnì ńlá tó ń jẹ èédú ló ń tún ṣe. Ó mọ̀ wọ́n débi pé bó bá jókòó nílé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí ọ̀kan fọn fèrè, á sọ nọ́ńbà rẹ̀ fún Julianah ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ sí í dé, àwọn ọ̀dọ́ tó kàwé ni wọ́n yàn láti kọ́ ọ. Cornelius kò kàwé púpọ̀. Ó dúró ti àwọn ẹ́ńjìnnì èédú títí wọ́n fi kù díẹ̀, nígbà tó sì di ọdún 1973, ó fẹ̀yìn tì, ó kó ẹrù rẹ̀ padà sí Iléṣà.

Níbẹ̀, ó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe fáwọn aládùúgbò. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá mú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì wá, ohun kan náà ló máa ń sọ: “Ìyẹn kì í ṣe tèmi.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún 1975, lọ́rì kan kú sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iwájú ilé rẹ̀. Fẹ̀hìntọlá ló ni ín, obìnrin tó máa ń kó obì lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin Òṣogbo kí wọ́n lè gbé e lọ sókè Ọya. Òun àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ ra lọ́rì náà kí ọkọ tó kú. Adédìran awakọ̀ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí iwájú ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ tẹ pọ́ǹpù epo.

Julianah yọjú síta. “Bàbá Fúnmilọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn wò ó.”

Cornelius kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Nígbà tó yá, ó dìde.

“Bí o bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, ṣé ó máa ń ṣiṣẹ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà,” Adédìran dáhùn. “Títí a ó fi dé òkè mìíràn. Pọ́ǹpù tó ń fa epo wá láti inú táńkì ló ti gbó. Irú rẹ̀ kò sì sí lọ́jà mọ́.”

“A jẹ́ pé kò sí nǹkan tó ṣe ẹ́ńjìnnì. Oúnjẹ ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ yẹn mú Fẹ̀hìntọlá sún mọ́ ọn. “Ẹni mẹ́ta ló ti ní kí n tà á fáwọn alágbẹ̀dẹ. Bàbá, ṣé ẹ lè ṣe é?”

Cornelius bẹ̀rẹ̀, ó wo pọ́ǹpù náà dáadáa. Ó rántí mọ́tò kékeré kan tó ti jẹrà nínú ọgbà Láńrewájú, olùkọ́ kan ládùúgbò. Pọ́ǹpù oníná ni mọ́tò náà ń lò. Láńrewájú ní kó lọ tú pọ́ǹpù náà. Kí oòrùn tó kan àtàrí, Cornelius ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì lọ́rì, ó sì ti so wáyà rẹ̀.

Adédìran yí kọ́kọ́rọ́. Pọ́ǹpù náà dún kíkankíkan, kò fa epo kankan, èéfín sì yọ lára rẹ̀. Cornelius sáré já wáyà náà kúrò. Ó wọlé lọ. Fẹ̀hìntọlá kó obì rẹ̀ sínú ọkọ̀ ẹlòmíràn, ó fi lọ́rì náà sílẹ̀ síbẹ̀.

“Wọn ò ṣàṣìṣe tí wọn ò fi mí kún àwọn tó kọ́ ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì,” ni Cornelius sọ fún Julianah.

“Àwọn ẹ́ńjìnnì èédú yẹn ńkọ́?” ni Julianah bi í. “Ṣé ọjọ́ kan lẹ mọ̀ wọ́n ni?”

Lọ́jọ́ kejì, Cornelius padà sí ọgbà Láńrewájú, ó nà gbalaja sábẹ́ mọ́tò náà, ó sì wo ohun tí kò fiyè sí nígbà tó ń tú pọ́ǹpù. Ẹ̀bá táńkì, lẹ́yìn, nísàlẹ̀, ni wọ́n ti gbé pọ́ǹpù náà sí. Kì í ṣe láti fa epo láti ọ̀nà jíjìn. Láti tì í ni wọ́n fi ṣe é. Bátìrì kan ṣoṣo ni mọ́tò náà sì ń lò. Bátìrì méjì ni ti lọ́rì, tí wọ́n so pọ̀ kí agbára wọn lè di ìlọ́po méjì.

“Mo bu oúnjẹ ẹni méjì fún un,” ló ń sọ fún ara rẹ̀ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín.

Ó padà sídìí lọ́rì, ó tú pọ́ǹpù náà palẹ̀. Wáyà inú rẹ̀ kò jó; irin kékeré méjì tó ń fẹnu kanra wọn ló dúdú. Ó fi ayùn irin ha wọ́n títí wọ́n fi ń dán. Ó wá dè é mọ́ irin gbọọrọ tó wà lábẹ́ lọ́rì, nítòsí táńkì, ó fi asẹ́ síwájú rẹ̀, ó mú iná láti ara bátìrì kan ṣoṣo. Ó gé irin pẹlẹbẹ, ó fi bo ihò tí pọ́ǹpù àtijọ́ fi sílẹ̀.

“Lóṣooṣù, kí o máa pààrọ̀ àyè àwọn bátìrì méjèèjì,” ló sọ fún Adédìran, “kí ọ̀kan má baà máa dá ṣiṣẹ́. Yí kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n má tíì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.”

Pọ́ǹpù náà ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́, jẹ́jẹ́. Cornelius dẹ bóòtì kan lára ẹ́ńjìnnì. Ìfófòó yọ, ó ń hó, ó ń hó, títí epo lásán fi ń jáde. Ó fún bóòtì náà pa.

“Ó yá!”

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí Adédìran gbìyànjú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Fẹ̀hìntọlá, tó ti padà dé láti Òṣogbo, pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n tún fẹ́ kó obì, Cornelius jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ní gbogbo òkè tí wọ́n gùn, ó di ilẹ̀kùn mú, ó ń retí pé ẹ́ńjìnnì á kú. Kò kú. Wọ́n dé Òṣogbo kí ọkọ̀ ojú irin tó dé, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ lọ́rì.

“Ta ló ṣe èyí?”

“Èmi ni,” ni Cornelius wí.

Kò pẹ́ tí àwọn onílọ́rì fi ń wá bá a láti Òṣú àti Itagunmodi. Nínú lọ́rì mẹ́rin tó kọ́kọ́ ṣe, ọ̀kan kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi wà lábẹ́ rẹ̀ kó tó rí i pé páìpù epo ló lu. Julianah á gbé oúnjẹ tọ̀ ọ́ lọ síbẹ̀, á bẹ̀rẹ̀, á bi í pé kí ló kù.