Àwòrán Kam-tai Lára Ògiri Ilé Àwọn Yau

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹsàn-án ọdún 1993, wọ́n gbé àmì ìjì kẹjọ sókè ní Hong Kong. Mo yẹ̀ ẹ́ wò nínú àkọsílẹ̀ àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́, bẹ́ẹ̀ ló rí. Tí àmì kẹjọ bá ti gòkè, ọkọ̀ ojú omi á dúró, ṣọ́ọ̀bù á tì, kálukú á wá ilé rẹ̀ lọ. Ní abúlé Lan Shek Au, ní etí òkun Sai Kung, àwọn kan tó ń ya fíìmù iwin sáré kó kámẹ́rà àti iná wọn sínú ọkọ̀ tó kẹ́yìn. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n gbàgbé: àwòrán obìnrin kan tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri ilé òfìfo kan gẹ́gẹ́ bí àwòrán òkú.

Obìnrin náà wà láàyè. Lau Kam-tai lorúkọ rẹ̀. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin ni, ó sì ń ta wàrà sóyà dídì tí wọ́n fi omi àtalẹ̀ àti ṣúgà sí fún àwọn tó ń rìn lórí òkè. Inú ọkọ̀ apẹja ni wọ́n bí i sí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni kí ó tó sùn nínú ilé tí kì í mì, nígbà tí ọkùnrin kan gbé e níyàwó wá sí Lan Shek Au. Títí dòní, tí ilẹ̀ bá dákẹ́ jù lábẹ́ rẹ̀, kì í rí oorun sùn. Ọkọ rẹ̀ kú lẹ́nu iṣẹ́ ilé kíkọ́, ó sì fi wàrà sóyà tọ́ ọmọ wọn kan ṣoṣo, Pui-shan, tó ń wa bọ́ọ̀sì kékeré báyìí.

Bí àwòrán rẹ̀ ṣe dé ara ògiri kò ṣòro láti yé èèyàn. Òṣèrébìnrin tó ṣe ìyàwó tó kú nínú fíìmù náà kọ̀ jálẹ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ fi àwòrán òun ṣe ti òkú. Kò sí òṣèré Hong Kong tí í fẹ́ ẹ. Ẹni tó ń tọ́jú ẹrù fíìmù náà, Bàbá Hui, wá lọ bá Kam-tai, ẹni tí òun máa ń ra wàrà lọ́wọ́ rẹ̀ láràárọ̀. Ó ní, “Kam-tai, ojú rẹ jọ ojú ìyàwó tó ń dúró de ọkọ.” Kam-tai rẹ́rìn-ín, ó fún un ní àwòrán tó yà fún káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni nígbà náà, opó ni, ó sì pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sọ nǹkan kan nípa ojú rẹ̀.

Àwọn oníṣẹ́ fíìmù ní ohun tí wọ́n máa ń ṣe tí wọ́n bá fi àwòrán alààyè ṣe ti òkú. Gbàrà tí kámẹ́rà bá ti dúró, wọ́n á fi bébà pupa bo ojú rẹ̀, kí ọ̀run má baà kà á mọ́ tirẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́wàá gbáko ni Bàbá Hui fi ṣe é. Ọjọ́ kọkànlá ni ìjì dé.

Mo pè é lórí fóònù. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin.

Ó ní, “Bébà yẹn wà lápò mi. Àárín omi ni mo ti rántí. Mo ní kí wọ́n yí ọkọ̀ padà, awakọ̀ bi mí bóyá orí mi pé.”

“Kí ló dé tí ẹ ò padà wá lẹ́yìn ìjì, Bàbá?”

“Fíìmù mìíràn wà nílẹ̀, ọmọ mi. Mo ṣe bí ìjì á ti gbé ilé náà lọ ni.”

Ìjì kò gbé ilé náà lọ. Àwọn Yau tó ni ín ti kó lọ sí Manchester láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n ń ta oúnjẹ níbẹ̀. Wọ́n wálé lẹ́ẹ̀kan, ní ọdún 2004, wọ́n bá àwòrán òkú lára ògiri wọn, wọ́n tún ti ilẹ̀kùn padà. Kò sẹ́ni tí í fọwọ́ kan òkú tí kì í ṣe ti ilé rẹ̀.

Fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Mo kọ ọ́ síbí torí pé àwọn tó ń sọ ìtàn yìí máa ń fò ó.

Ní ọdún 2021 wọ́n nu fíìmù àtijọ́ náà mọ́, wọ́n tún gbé e jáde, àwọn ọ̀dọ́ sì fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn òbí wọn lọ. Ẹnì kan to orúkọ gbogbo ibi tí wọ́n ti yà á jọ, àkọsílẹ̀ náà sì ń lọ láti orí fóònù dé orí fóònù. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń wá. Wọ́n á dúró síbi tí kámẹ́rà dúró sí gan-an, wọ́n á gbé àwòrán inú fíìmù sókè títí igun rẹ̀ á fi bá igun fèrèsé ilé náà mu rẹ́gí. Gíláàsì fèrèsé yẹn ti fọ́, irin rẹ̀ ló kù, wọ́n sì ń rí obìnrin ara ògiri láti ìta. Wọ́n á wá gbé ọsàn síbẹ̀, wọ́n á gbé abọ́ ìrẹsì kan tì í, wọ́n á jó tùràrí. Ìyàwó Etí Òkun ni wọ́n ń pè é.

Kam-tai kò mọ̀ títí ọmọbìnrin kan fi wá ra wàrà lọ́wọ́ rẹ̀, tó na fóònù sí i pé, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni ilé yìí wà?”

“Mo wo inú fóònù, mo rí ojú ara mi nínú férémù dúdú,” Kam-tai sọ fún mi. “Mo ní, ‘Èmi nìyí o.’ Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, ‘Màmá, ẹ mà mọ àwàdà ṣe o!’ Ó mu wàrà rẹ̀ tán, ó lọ jó tùràrí fún mi.”

Láti oṣù yẹn ni ebi ò ti pa á mọ́.

Mi ò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Mo ní kí Pui-shan fi káàdì ilé ìwòsàn ìyá rẹ̀ hàn mí. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, kílò méjìdínlọ́gọ́ta ni. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ó ti di mọ́kàndínlógójì. Dókítà wo ẹ̀jẹ̀ àti ikùn rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ó wá sọ fún Pui-shan pé tí ìyá rẹ̀ ò bá jẹun, kò ní rí ọdún tó ń bọ̀.

“Àmọ́ mo ti yó,” ni Kam-tai máa ń sọ. “Ẹ̀yin ẹ jẹun. Mo ti yó.”

Ìbànújẹ́ lè gba oúnjẹ lẹ́nu èèyàn, mo sì rò pé ohun tó ṣe é nìyẹn. Mo wá dán an wò. Òkè kan wà láàárín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti ilé àwọn Yau, ẹni tó wà níbí ò lè rí ọ̀hún. Ní ọjọ́ Àìkú kan, mo jókòó tì í. Mo ní kí Pui-shan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yẹn, kí ó máa kọ ohun tí àwọn èèyàn bá gbé kalẹ̀ àti aago tí wọ́n gbé e. Kam-tai ń fọ abọ́, ó kàn ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́: “Ọsàn.” Lẹ́yìn náà, “Ìrẹsì. Ó ti tutù.” Ó tún wá yọ ahọ́n síta, ó nù ún mọ́ ẹ̀yìn ọwọ́. “Ta ló gbé ọtí wá? Mi ò mutí rí láyé mi!”

Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló sọ̀rọ̀. Mẹ́rin bá ìwé Pui-shan mu, títí kan ọtí. Mo rò pé bóyá òórùn ló ń gbọ́. Mo tún wo ìwé mi: ọ̀dọ̀ wa ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ lọ sọ́hùn-ún lọ́jọ́ náà.

Kọ́kọ́rọ́ ilé náà dé láti Manchester ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Yau Tin-sang, ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹni tó nilé, ló gbé e wá ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kọkànlá. Ọkùnrin tó tóbi ni, àmọ́ ẹ̀yìn Kam-tai ló dúró sí.

Ó ní, “Àbá mi rèé o. Ká yọ ọ́, ká dáná sun ún, kó tán síbẹ̀.”

Pui-shan yí sí i. “Tin-sang, kí lẹ máa ń sun fún bàbá yín nídìí sàréè?”

“Owó bébà. Aṣọ bébà.”

“Ibo ló ń lọ tí ẹ bá sun ún?”

“Ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún.”

“Ẹ wá fẹ́ dáná sun ojú màmá mi! Ẹ kúkú ra tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn!”

“Kí n wá fà á ya ńkọ́?”

“Ẹ fa tiyín ya ná, ká wò ó.”

“Ẹ dákẹ́ ariwo,” Kam-tai ní. “Bébà pupa ni wọn ò lẹ̀. Bébà pupa la máa lẹ̀.”

A wọlé. Àga mẹ́rin tí àwọn oníṣẹ́ fíìmù fi sílẹ̀ ṣì wà lórí ìlà, wọ́n kọjú sí ògiri. Mo rò pé oòrùn á ti pa àwòrán náà rẹ́, kò rẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin inú rẹ̀ kún, ó ń dán.

Pui-shan wò ó títí. Ó bi mí ní ohùn kékeré pé, “Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sanra nígbà náà?”

Mo ní ìyá rẹ̀ kéré lọ́jọ́ orí nígbà náà. Ohun tó wà lẹ́nu mi nìyẹn.

Kam-tai ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di òun mú. Ó gun àga, ó fi ìka tẹ ìrẹsì tútù ojú fèrèsé di àtè, ó fi pa ẹ̀yìn bébà, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ara rẹ̀. Bó ṣe fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó mì lọ sọ́tùn-ún, ó mì lọ sósì, bí ẹni tó dúró nínú ọkọ̀ ojú omi. Ó wá sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀.

“Pui-shan, kí ló wà nínú fúláàsì yẹn?”

“Ìrẹsì ṣíṣàn àti ẹja, Màámi.”

“Bù ú wá.”

Ó jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga yẹn, ó jẹ abọ́ méjì, ó ní kí wọ́n bu ìkẹta. Pui-shan ń bù ú, omi ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń bú ẹja pé egúngún rẹ̀ pọ̀ jù. Tin-sang ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

A gbọ́ fèrè ọkọ̀. Kò pẹ́, ẹsẹ̀ dé ìta. Ohùn ọmọbìnrin kan ní, “Wọ́n ti bo ojú ẹ̀.” Ẹnì kejì ní kó dákẹ́, kó ṣe ohun tó bá wá. Ọwọ́ kan gba àárín irin fèrèsé wọlé, ó gbé ọsàn mẹ́ta kalẹ̀, òórùn tùràrí sì tẹ̀ lé e.

Tin-sang fẹ́ sọ̀rọ̀. Kam-tai gbé ọwọ́ sókè. Ẹnu rẹ̀ dúró, oúnjẹ ṣì wà nínú rẹ̀. Ó ń dúró de nǹkan. Ó wá gbé e mì, ó fi ahọ́n wá gbogbo ẹnu rẹ̀ kiri, ó sì wo ògiri.

“Mi ò tọ́ ọsàn yẹn wò,” ó ní. “Ta wá ló ń jẹ ẹ́?”