Yíyọ́ Iyọ̀, Yíyọ́ Àbẹ́là

Àǹtí Ásíìdì ni àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè é lẹ́yìn, torí ẹnu rẹ̀ ń jó ènìyàn. Ó mọ̀, kò sì bínú sí i. Ohun tó ń bí i nínú ni pé kẹ́mísìrì tó ń kọ́ wọn, bí odídẹrẹ́ ni wọ́n ń kà á. Wọ́n á ka ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ wàràwàrà, bí o bá wá bi wọ́n pé kí ni wọ́n sọ, wọ́n á ya ẹnu sílẹ̀.

Nígbà tí ìdánwò àṣejáde kù díẹ̀, ó bi wọ́n pé, "Iyọ̀ ń yọ́ nínú omi, àbẹ́là ń yọ́ lórí iná. Ṣé yíyọ́ kan náà ni?"

Gbogbo kíláàsì ní bẹ́ẹ̀ ni. Ta ni ká dá lẹ́bi? Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé ní orúkọ méjì fún un, ẹnu tiwa ní ẹyọ kan, kò sì sẹ́ni tó yà wọ́n sọ́tọ̀ fún wọn rí.

Àǹtí bá kúkú pa Gẹ̀ẹ́sì tì, èdè ilé tó fi bi wọ́n náà ló ń bá lọ. Ó bu iyọ̀ sórí ṣíbí, ó gbé e sórí iná àbẹ́là. Iyọ̀ ń ta pàrà-pàrà, kò yọ́. Ó gé àbẹ́là sínú omi, ó kàn léfòó ni.

Adúmáadán ló nawọ́, ọmọbìnrin tó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan, tí bàbá rẹ̀ ti búra pé bó bá tún fìdí rẹmi, ilé ìwé parí nìyẹn. Ó ní, "Àǹtí, iná nìkan ti tó àbẹ́là. Iyọ̀ ní tiẹ̀, omi ló fà á ya, tó pín in mọ́ra."

"Bí omi yẹn bá wá gbẹ ńkọ́?"

"A ó rí iyọ̀ wa padà, mà."

Inú Àǹtí dùn débi pé kò mọ ìgbà tí pirínsípà wọlé.

"Èdè wo lẹ fi ń kọ́ wọn?" Ó kọjú sí ọmọ náà, ó ní kó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Adúmáadán ń ṣí ìwé rẹ̀, ó ń wá a.

"Ṣẹ́ ẹ rí i? Kò mọ nǹkan kan."

"Ó mọ̀ ọ́n kẹ́ ẹ tó wọlé, sà. Ẹ bi í ní èdè tí ìyá yín fi tọ́ yín."

Kò bi í. Ọkùnrin tó jẹ́ pé èdè yìí náà ló fi ń bú awakọ̀ rẹ̀ láràárọ̀! Ó gba kíláàsì náà lọ́wọ́ Àǹtí, ó ní kó lọ máa kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Àwọn tíṣà yòókù ní kó lọ bẹ̀ ẹ́, pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Àǹtí ní òun kò jalè, òun kò ní bẹ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó yá, ó pàdé Adúmáadán lẹ́bàá ẹ̀rọ omi. Ó bi í ní èdè ilé, jẹ́jẹ́, "Iyọ̀ tó yọ́ yẹn, ibo ló lọ?"

Ọmọ náà wo fèrèsé ọ́fíìsì pirínsípà. Ó nàró bí igi, ó sì ka ìtumọ̀ yíyọ́ tó wà nínú ìwé fún un ní Gẹ̀ẹ́sì, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ.