Ìborùn Tí Mi Ò Mọ Bí Wọ́n Ṣe Ń Parí Rẹ̀

Kí n tó pé ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi wúùlù hun nǹkan ní ìlú Ìbàdàn, níbi tí èèyàn ti lè jókòó jẹ́ẹ́ kó sì máa làágùn. Olùkọ́ wa ló fà á. Ọmọge kan ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ dé, wọ́n sì gbé kíláàsì wa lé e lọ́wọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Kúdẹtì. Ọjọ́ kẹta tó dé ló kó wúùlù aláwọ̀ búlúù jáde nínú báàgì rẹ̀, tó ní ọmọbìnrin tí kò bá mọ nǹkan hun, ó ku díẹ̀ kó di odindi èèyàn.

Abẹ́rẹ́ ìhunwúùlù tó mú wá kò kárí wa. Àwọn kan fi ẹyọ ìgbálẹ̀ hun tiwọn. Èmi lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nítòsí Màpó, mo tọrọ sípóòkù méjì, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú táyà kẹ̀kẹ́, tó ti wọ́. Ó fi òòlù nà wọ́n tọ́ fún mi, ó sì fi fáìlì pọ́n ẹnu wọn.

"Ṣé kẹ̀kẹ́ lo fẹ́ tò ni?" ló bi mí.

Mo ní, "Rárá, sà. Ìborùn ni mo fẹ́ fi hun."

Ó wo oòrùn lókè, ó wo èmi náà, ó sì padà sídìí táyà tó ń lẹ̀.

Olùkọ́ wa kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń dá ojú sórí abẹ́rẹ́. Ojú là ń pe àwọn kókó wúùlù kéékèèké náà, bí ẹni ń sọ pé ojú àwọ̀n. Ó kọ́ wa bí a ṣe ń fa ojú kan gba inú òmíràn, tí a ó lọ tí a ó sì tún bọ̀. Ó wá ku ohun kan ṣoṣo, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń pa gbogbo ojú náà dé kí iṣẹ́ lè parí, ni olùkọ́ wa bá lọ́kọ. Jọ́ọ̀sì ni ọkọ ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ló sì gbé e lọ. Wọ́n ní òtútù wà ńbẹ̀ dáadáa. Ọkùnrin ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ìyẹn sì ń kó wa lọ sóko ilé ẹ̀kọ́ lọ kọbè.

Bí mo ṣe di ẹni tó mọ ìbẹ̀rẹ̀ tí kò mọ ìparí nìyẹn. Bí mo bá fa sípóòkù yọ, gbogbo rẹ̀ á tú. Mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin sì di òkìtì okùn níṣojú mi. Mo sunkún bí ẹni tí wọ́n nà. Láti ìgbà náà, mo pinnu pé n ó kàn máa hun ún lọ ni, títí Ọlọ́run yóò fi rán ẹnìkan sí mi.

Bàbá àgbà, bàbá tó bí bàbá mi, ni mo ń hun ìborùn náà fún. Fìlà ló ń rán ní Ọjà'ba. Èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọrùn rẹ̀ gùn, tí òtútù òjò bá sì dé, ikọ́ rẹ̀ la fi ń jí ní agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Òsì. Lọ́jọ́ tó gbọ́ pé òun ni mò ń hun nǹkan fún, inú rẹ̀ dùn débi pé ó pe gbogbo ilé jáde.

"Ẹ wá gbọ́ o! Wàláì, ọjọ́ tí ìborùn yìí bá ti lè kan ilẹ̀ láti ọrùn mi, n ó wọ̀ ọ́ dé Bẹẹrẹ lójú ayé!"

Ìyá àgbà, ìyàwó rẹ̀, wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ẹ ò bá ti rí i tán kí ẹ tó búra."

Ìbúra ti bọ́. Wúùlù búlúù tán, mo bọ́ sórí pupa. Pupa tán, mo tú súwẹ́tà kan tí kòkòrò ti jẹ lápá, mo fi ìyẹn kún un. Bó ṣe ń gùn náà ló ń ṣe ségesège, torí pé ojú ń bọ́ lórí sípóòkù níbì kan, mo sì ń ṣèèṣì dá kún un níbòmíràn. Ó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ níhìn-ín, ó fẹ̀ bí gèlè lọ́hùn-ún. Ó kan ilẹ̀, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Ìléyá ku bí ọjọ́ mẹ́wàá nígbà tí wọ́n pe Bàbá àgbà síbi ìkómọ kan ní Bẹẹrẹ. Ó wẹ̀, ó múra, ó sì na ọwọ́ sí mi.

"Gbé e wá."

"Bàbá, kò tíì parí."

"Ṣé ó kan ilẹ̀ àbí kò kan ilẹ̀?"

"Ó kan ilẹ̀, ṣùgbọ́n sípóòkù ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́, ó máa tú."

Ó ronú díẹ̀. "Mo ti fi Ọlọ́run búra, ọmọ mi. Di ẹnu ọ̀hún mú, kí o máa tẹ̀ lé mi."

Bí a ṣe jáde nìyẹn. Bàbá àgbà wà níwájú, ìborùn wà lọ́rùn rẹ̀, ìyókù nà sẹ́yìn títí dé ọwọ́ mi, èmi náà sì ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú sípóòkù méjì. Mo rò ó pé kí n má fi àkókò ṣòfò, mo bá ń hun bí mo ṣe ń lọ.

A ò tíì rìn jìnnà tí obìnrin kan tó ń sun àgbàdo fi kígbe pé, "Ọmọdé yìí, ẹ kú ìnáwó Ìléyá o! Àgbò yín mà ga o!"

Ọkùnrin kan bi Bàbá àgbà pé, "Bàbá, ṣé wọ́n ti rà yín ni?"

Bàbá àgbà kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ó ní, "Wọn ò tíì ná mi dé ìdajì."

Ìyọnu ibẹ̀ ni pé bó bá yára, á fa iṣẹ́ já mi lọ́wọ́. Bí èmi náà bá dúró, ọrùn rẹ̀ ni màá fà. Ó ṣẹlẹ̀ ní ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan. Mo dúró lójijì, Bàbá àgbà sì ta gbọ̀n-ọ́n bí ewúrẹ́ tí okùn rẹ̀ tán.

"O fẹ́ pa mí ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ojú kan ló bọ́!"

Obìnrin kan tó ń kọjá ju agbọ̀n sílẹ̀. "Yéè! Ojú ta ló bọ́? Ẹ jẹ́ n rí i!" Ó gbá orí mi mú, ó ń wo ẹyinjú mi ọ̀tún, ó ń wo ti òsì. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un pé ojú wúùlù ni, ó bínú gidi. Ó ní ọmọ tí kò níláárí ni mí.

Bẹyẹrúnkà ni a dé tí alápatà kan fi dá wa dúró. Gbogbo àdúgbò ló mọ ọkùnrin náà. Ó rí fìrìgbọ̀n, ẹsẹ̀ kan ń tiro, kì í sì í rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọdé ní ó máa ń gé ẹran bí ẹni pé ẹran ọ̀hún bú u. Gbogbo èèyàn ń fi wá rẹ́rìn-ín, òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ọwọ́ mi. Ó fi ọ̀bẹ lélẹ̀, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, ó sì wá gba sípóòkù lọ́wọ́ mi.

"Ta ló ní kí o máa hun ún le báyìí? Ó le bíi pọ̀nmọ́." Ó yí i síwá sẹ́yìn. "Kí ló dé tí o ò pa ojú dé?"

Ẹ̀rù bà mí, mo bá pa ojú mi dé.

"Kì í ṣe tìẹ! Ti wúùlù!"

Mo ní mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pa á dé. Ó mí kanlẹ̀, ó sì fi hàn mí. "Hun ojú méjì. Gbé ti àkọ́kọ́ fo ìkejì, kó bọ́ kúrò lórí abẹ́rẹ́. Ó ku ẹyọ kan. Hun òmíràn, kí o tún gbé èyí tó wà níwájú fò ó." Ìka rẹ̀ nípọn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ṣùgbọ́n wọ́n ń sáré lórí irin bí ẹsẹ̀ adìyẹ lórí ọkà. Bàbá àgbà dúró láàárín ọ̀nà, ó na ọrùn, kò ṣíra. Nígbà tó ku ojú kan, alápatà nu ọ̀bẹ ẹran, ó gé okùn náà, ó fà á gba inú ojú tó kù, ó sì so ó. Iṣẹ́ parí. Bàbá àgbà wé e mọ́rùn lẹ́ẹ̀mẹta, ó ṣì ń wọ́lẹ̀.

"Alápatà," ni Bàbá àgbà wí, "níbo lo ti kọ́ irú èyí?"

Ọkùnrin náà wo ọ̀tún wo òsì, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní ojú ogun Bọ́mà ni wọ́n ti fọ́ òun lẹ́sẹ̀. Ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé àwọn lọ, obìnrin òyìnbó kan ló pín wúùlù fún àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́, kí wọ́n má baà máa fi ìjà pa ara wọn lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìbọ̀sẹ̀ ni òun hun jù. "Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, Bàbá, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ ní Bẹyẹrúnkà, mo gbé."

Bàbá àgbà ṣèlérí. Èmi náà ṣèlérí, ṣùgbọ́n mo ní ó gbọ́dọ̀ kọ́ mi ní ìbọ̀sẹ̀ híhun. A wá kọjá sí Bẹẹrẹ, ìbúra Bàbá àgbà sì ṣẹ.

Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń bẹ ìyá mi pé kó rán mi lọ ra ẹran. Ẹnu ya ìyá mi, torí pé omi pàápàá, ọ̀lẹ ni mí tó bá di ká lọ pọn ọ́n. N ó jókòó sórí àpótí lẹ́yìn tábìlì ẹran, alápatà á sì máa kọ́ mi. Sípóòkù mẹ́rin ni wọ́n fi ń hun ìbọ̀sẹ̀. Ibi gìgísẹ̀ ni wàhálà wà, torí pé ibẹ̀ ni ìbọ̀sẹ̀ ti ń yà kọ́nà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni tèmi kọ̀ láti yà, ó lọ tààrà bí àpò ọfà. Mo hun fìlà kan pẹ̀lú, ìyá àgbà sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó fi bo ìkòkò omi. Alápatà náà ń hun tirẹ̀ lábẹ́ tábìlì, wúùlù aláwọ̀ àlùkò, bí oníbàárà kò bá sí nítòsí.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ìyá kan sáré wọlé, ó ń kánjú. Alápatà ju ìbọ̀sẹ̀ sílẹ̀, sípóòkù yọ lára rẹ̀, ó gé ẹran, ó dì í sínú ewé, ó sì fún un. Obìnrin náà lọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rí i pé ìbọ̀sẹ̀ tó wà nílẹ̀ ń mì. Ó ń kúrú! Ẹnu okùn wúùlù ti bá ẹran wọ inú ewé, bí obìnrin náà ṣe ń rìn lọ ni ìbọ̀sẹ̀ ń tú. Kí a tó sáré jáde, okùn àlùkò ti nà láti ìdí tábìlì wa, ó ti gba iwájú alágbàdo, ó ti yí igun ilé, ó ti lọ sọ́nà Màpó.

Àwọn èèyàn tọ okùn náà lẹ́sẹ̀, ìdí tábìlì wa ni wọ́n sì bá a jáde. Kíá, ọ̀rọ̀ ti gba ìgboro. Wọ́n ní alápatà ń fi okùn oògùn so oníbàárà mọ́lẹ̀. Wọ́n ní ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, eṣinṣin nìkan ló ń bẹ̀ ẹ́ wò.

Nígbà tí mo dé ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwọn obìnrin bí ogún ti yí i ká. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn fi ọwọ́ lé ìbàdí.

"Okùn kí ni? Sọ ọ́ kí ayé gbọ́."

Alápatà doríkodò. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Mo mọ̀ pé mo ti ṣèlérí, ṣùgbọ́n n kò lè mú un mọ́ra.

"Ìbọ̀sẹ̀ ni!" ni mo pariwo. "Ìbọ̀sẹ̀ ló ń hun!"

Ẹ̀rín bú jáde. "Alápatà? Ìbọ̀sẹ̀? Ó dáa, kó hun ún kí a rí i."

Ojú tí ọkùnrin náà fi wò mí, mi ò jẹ́ gbàgbé. Ó jókòó, ó fọ ọwọ́, ó fa sípóòkù mẹ́rin jáde láti inú agolo bisikíìtì, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rín kọ́kọ́ ń lọ lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tó yá, ẹ̀rín rọlẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń na ọrùn. Ẹnìkan ti ránṣẹ́ pe Bàbá àgbà ní Ọjà'ba, ó dé tòun ti ìborùn rẹ̀, ó ní òun ni ẹlẹ́rìí, alápatà ló gba òun lọ́wọ́ ọmọ òun. Nígbà tí iṣẹ́ dé gìgísẹ̀, tí ó sì yà bó ṣe yẹ kó yà, àwọn obìnrin náà ṣe "hẹ̀n-ẹ́n!" lẹ́ẹ̀kan náà.

Aboyún kan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè hun fìlà ọmọ tuntun?"

Alápatà gbé ojú sókè. Fún ìgbà àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ ọ́n, ó rẹ́rìn-ín. "Fìlà kẹ̀? Fìlà kò tó nǹkan."

Kò pẹ́ tí fìlà ọmọ tuntun fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lórí okùn lókè tábìlì ẹran, pupa, òféèfèé àti àlùkò. Bàbá àgbà wá jà. Ó ní aránfìlà ni òun, alápatà kò lè máa gba iṣẹ́ òun jẹ. Wọ́n jókòó, wọ́n sì parí rẹ̀ síbi pé ẹni tí kò bá tíì léyín, alápatà ló ni orí rẹ̀. Ẹni tó bá ti léyín, ti Bàbá àgbà ni. Ó rí bẹ́ẹ̀ fún oṣù kan, títí ìyá arúgbó kan tí eyín rẹ̀ ti ká tán fi wá ra fìlà wúùlù, ni ìjà bá tún bẹ̀rẹ̀.

Èmi hun ìbọ̀sẹ̀ mi parí kí n tó jáde ìwé mẹ́fà. Ọ̀kan tóbi, ọ̀kan kéré, alápatà sì ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ló kọ́ mi. Mo gbé wọn fún Bàbá àgbà, ojú ń tì mí. Ó wọ̀ wọ́n, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú, ó ń wò wọ́n.

Ó ní, "Ṣé o rí i, ẹsẹ̀ mi ọ̀tún ti máa ń tóbi ju òsì lọ láti ìgbà ọmọdé. O ṣe é dáadáa."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tó bọ́ wọn láti ṣe àlùwàlá, mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dáadáa. Kò sí èyí tó tóbi ju ìkejì lọ.