Yàrá Tí Kò Lórùlé

Ní gbogbo òwúrọ̀, tí Safiyat bá ti kírun àsùbá tán, ọ̀bẹ ló máa ń kọ́kọ́ mú, kì í ṣe ìgbálẹ̀. Yóò jókòó sórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé, yóò bó ọ̀dùnkún, yóò gé e pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ títí abọ́ ńlá yóò fi kún. Kí Hikmat ọmọ rẹ̀ tó jí, ó ti gbé abọ́ náà wọ yàrá tí kò lórùlé, ó ti sá ọ̀dùnkún sórí tapólì, ó sì ti gbẹ́ ilẹ̀ bo èèpo mọ́lẹ̀.

Yàrá yìí ni Abdulganiyu ọkọ rẹ̀ ń kọ́ lọ́wọ́ nígbà tí ọlọ́jọ́ dé. Búlọ́ọ̀kù ti ga kọjá orí ènìyàn, òrùlé ló kù. Oòrùn ń wọ ibẹ̀ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ojú aráyé kì í wọ̀ ọ́. Ohun tí Safiyat sì fẹ́ gan-an nìyẹn.

Ilé ìtọ́jú aláboyún kan ní Ìjàgbó ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń gbé àwọn ọmọ ọwọ́ lé òṣùwọ̀n, òun ló sì ń pe àwọn ìyá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan síwájú ẹni tó ń fúnni ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ó sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwọn ènìyàn ti tìtorí aṣọ funfun rẹ̀ sọ ọ́ di Nọ́ọ̀sì láti Ìjàgbó dé Ọ̀fà. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn nínú. Owó oṣù rẹ̀ ni kì í dúró kí oṣù tó parí. Nígbà tó ro ohun tí òun lè máa fi àkókò tí ọwọ́ bá dilẹ̀ ṣe, èlùbọ́ ọ̀dùnkún ló bá a lára mu. Ìyá rẹ̀ ṣe é, òun náà sì mọ̀ ọ́n ṣe, àwọn tó ń ta kúnnú sì ń wá a fún adùn. Ṣùgbọ́n kí Nọ́ọ̀sì jókòó ti èèpo ọ̀dùnkún? Ó rò ó pé bí àwọn ìyá ọmọ bá gbọ́, wọn kò ní ka ọ̀rọ̀ òun sí mọ́ tí òun bá ní kí wọ́n fọwọ́ kí wọ́n tó fún ọmọ lóúnjẹ.

Ohun tó wà nídìí aáyan rẹ̀ ju owó lọ. Alhaja Ìlọrin, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, fẹ́ mú Hikmat lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Obìnrin rere ni Alhaja, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ìyà yóò jẹ ọmọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ṣòro láti kọ̀.

"Ìyàwó mi, n ò gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ," ni Alhaja wí lórí fóònù. "Ṣùgbọ́n bí o bá ti lọ sí Ìjàgbó, ta ló ń bá ẹ wo ilé?"

"Mò ń gbìyànjú, Alhaja."

"Mo mọ̀ pé ò ń gbìyànjú. Ta ló ń bá ẹ wò ó ni mo bi ẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi di ọjọ́ àdúrà. Nǹkan á ti gún nígbà yẹn."

Alhaja mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Tí mo bá wá fún àdúrà, a ó wò ó. Àmọ́ di ẹrù rẹ̀ sínú báàgì dè mí."

Àdúrà ọdún kejì tí Abdulganiyu kú ni wọ́n ń sọ, ìparí oṣù kẹwàá ni yóò sì bọ́ sí. Safiyat gbé fóònù sílẹ̀, ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé owó ni ẹ̀gbọ́n ọkọ òun ń wò. Láti ọjọ́ náà ló ti fi abọ́ kan kún ọ̀dùnkún tó ń sá.

Ọjọ́ àjẹsára ni òjò àrọ̀kúrò kọ́kọ́ bá a. Àwọn ìyá ọmọ ti tò dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí Safiyat bojú wo ojú fèrèsé, tó rí i pé apá Ọ̀fà, níbi tí ilé rẹ̀ wà, ti ṣú dẹ̀dẹ̀. Kò lè kúrò. Gbogbo bó ṣe ń gbé ọmọ lé òṣùwọ̀n, ojú ọ̀run ló ń wò.

"Nọ́ọ̀sì," ni obìnrin kan wí, "ọmọ mi ti wá tóbi tó báyìí?"

Ìgbà náà ni Safiyat rí i pé òun ti wọn ọmọ náà tòun ti ọjá tí wọ́n fi pọ̀n ọ́n.

Òjò ti dá nígbà tí bọ́ọ̀sì já a sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ó wọ yàrá tí kò lórùlé, ó bá adágún nínú rẹ̀. Ọ̀dùnkún ti wú, ó ń léfòó. Ní ojúde kejì, láfún Ìyá Fábùkọ́lá wà lábẹ́ ọ̀ọ̀dẹ̀ nínú àpò, ó gbẹ táútáú.

Ìyàwó ọdẹ ni Ìyá Fábùkọ́lá, Òjòkú ni wọ́n bí i sí, ó sì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Òun fúnra rẹ̀ ló rìn wá kí i.

"Pẹ̀lẹ́, Nọ́ọ̀sì. Ọ̀dùnkún yẹn ṣe mí láàánú."

Safiyat yíjú padà. "Ẹ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, Màmá?"

"Ewúrẹ́ mi ti ń hú èèpo rẹ̀ jẹ láti ìgbà tí o ti bẹ̀rẹ̀. O ò rí bí wọ́n ṣe sanra?"

"Ẹ sì rí òjò nígbà tó ń bọ̀?"

"Mo rí i. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá yìí gan-an, tòun ti apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ mi."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò wọlé?"

"O fi pamọ́ ni," ni ìyá àgbà dáhùn. "Ohun téèyàn bá sá sórí àpáta, ó ti ní kí gbogbo wa bá òun wò ó nìyẹn. Èyí tó bá kó sí kọ̀rọ̀, ojú tó bá rí i ló yẹ kó wo ibòmíràn. Ṣé kí n wá kó o, kí o wá mọ̀ pé mo mọ̀?"

Safiyat mú abọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n omi. Ó mọ òfin àpáta tó wà lẹ́yìn àdúgbò wọn, níbi tí wọ́n ń sá láfún, ilá àti ata. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí òjò yóò kígbe pé "Ẹ kó o!", ti ẹni tí kò sí nílé ni wọn yóò sì kọ́kọ́ kó, kí oníkálukú tó kó tirẹ̀. Ó tún mọ̀ pé ká ní Ìyá Fábùkọ́lá ló fi nǹkan pamọ́, òun náà ì bá mójú kúrò. Ìwà ọmọlúàbí ló ba ọ̀dùnkún jẹ́.

Bó ṣe ń gbọ́n omi kúrò lórí tapólì, ìbéèrè Alhaja ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé e. Kò béèrè owó. Ó béèrè ẹni tó ń bá a wo ilé, òun alára ló sì ti mọ ògiri yí ìdáhùn rẹ̀ ká.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ aṣọ funfun iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé abọ́ ọ̀dùnkún karí, ó sì gba ọ̀nà àpáta lọ.

"Ẹ kú òwúrọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ìjàgbó ni mò ń lọ."

Olúwabùnmi, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ọmọ àdúgbò, tí ọmọ rẹ̀ kò tíì ju oṣù mélòó kan lọ, wò ó tìyanu-tìyanu. "Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin náà mọ ọ̀dùnkún bó?"

"Mo mọ̀ ọ́n bó ju bí mo ṣe mọ ọmọ wọ̀n lọ."

"Ṣé ẹ fọwọ́ kí ẹ tó gé e?"

"Mo fọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

Ẹ̀rín sọ. Ohun tó bà á lẹ́rù láti ìgbà yìí wá kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, bí Hikmat bá ti dé láti iléèwé, kì í ti ilẹ̀kùn mọ́rí mọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn ìyá lórí àpáta ló ń lọ, ó ń lé ewúrẹ́ fún wọn.

Ọjọ́ àdúrà pé. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán ní agbo ilé Abdulganiyu, Alhaja, Safiyat àti Hikmat jọ wọ kẹ̀kẹ́ kí wọ́n lè lọ gbé báàgì. Bí wọ́n ṣe yà wọ àdúgbò, afẹ́fẹ́ òjò fẹ́, igbe sì ta láti orí àpáta: "Ẹ kó o!"

Kẹ̀kẹ́ kò tíì dúró tán tí Hikmat fi bẹ́ sílẹ̀. Ó sáré lọ bá Ìyá Fábùkọ́lá, ó di ẹnu àpò mú fún un bí ẹni tó mọ àyè rẹ̀. Safiyat nawọ́ sí igun tó sá ọ̀dùnkún tirẹ̀ sí han Alhaja, ó ti ṣófo. Láfún ìyá àgbà ló kù nílẹ̀, òjò sì ti ń kán. Safiyat ká ìró rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó o. Alhaja dúró díẹ̀. Nígbà tó yá, ó bọ́ bàtà, ó tẹ́ ìborùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ń fọwọ́ gbá láfún sínú rẹ̀.

Abẹ́ ọ̀ọ̀dẹ̀ ni gbogbo wọn sá sí, láfún ti funfun lára aṣọ àdúrà wọn.

"Màmá, ti ìyàwó wa dà?" ni Alhaja béèrè.

"Tirẹ̀ la kọ́kọ́ kó. Kò sí nílé."

"Ọmọ yìí ńkọ́, tí ìyá rẹ̀ bá wà ní Ìjàgbó?"

"Hikmat? Ibí ló wà. Ìjẹta ló jẹ ẹ̀wà mi tán, tó ní iyọ̀ ò tó."

"Iyọ̀ ò tó lóòótọ́, Màmá," ni Hikmat wí.

Alhaja rẹ́rìn-ín. Nígbà tí òjò dá, ó wọ ilé, ó rí báàgì lórí àga.

"Ìyàwó mi, tú ẹrù inú rẹ̀ jáde."

"Alhaja?"

"Tú u jáde ni mo wí. Níbo ni màá kó èlùbọ́ ọ̀dùnkún tí o máa bùn mi lọ sílé sí, inú ìborùn tó ti tutù yìí?"

Safiyat kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ń kó aṣọ ọmọ rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tún wọn ká sínú àpótí. Kò jẹ́ kí wọ́n rí ojú òun.

"Ẹ dá báàgì mi padà o, Alhaja," ni Hikmat wí nígbà tí kẹ̀kẹ́ fẹ́ gbéra.

"Ìwọ ni wàá wá gbà á ní Ìlọrin, tí ẹ bá gba ọlidé. Ọ̀sẹ̀ kan péré, kí ìyá ẹ má lọ sọ pé mo jí ẹ gbé."

Safiyat dúró títí kẹ̀kẹ́ fi yà níkòríta. Lẹ́yìn náà ló wọ yàrá tí kò lórùlé, ó ká tapólì rẹ̀ nílẹ̀, ó sì gbé e jáde.

"Nọ́ọ̀sì!" Ohùn Ìyá Fábùkọ́lá dún láti òde. "Oòrùn ti ń yọ padà o. Ọ̀dùnkún ẹ ò tíì gbẹ."

"Mò ń bọ̀, Màmá," ni ó dáhùn.