Àforíjì Lójú Fèrèsé

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Ọba tó fún ìyá mi ní ẹsẹ̀ tó fi rìn dé Mẹ́kà, tó sì dá ẹ̀mí mi sí tí mo fi rí i kó lọ kó bọ̀. Bí mo bá ní kí n máa ka oore Rẹ̀, ilẹ̀ á ṣú mọ́ mi lẹ́nu rẹ̀.

Ọdún tí ìyá mi ń lọ ni gíríìpù gba Atakpamé, ìlú wa ní Tógò, kan. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pe ọ̀fìnkìn líle níbí, Faransé ló fi ọ̀rọ̀ náà sí wa lẹ́nu. Àwọn nọ́ọ̀sì kó gbogbo ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà jọ sẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, wọ́n gún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n sì kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má ṣe sún mọ́ ẹni tó ń wúkọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná ní pápákọ̀ òfurufú Lomé, ilé ló ń padà sí.

Agboolé wa kò gba irú ìkìlọ̀ yẹn. Kànga kan la jọ ń pọn, ìyáálé ìyá mi, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, sì ti ń wúkọ́ kí àwọn nọ́ọ̀sì tó dé. Mo bá ti ìyá mi mọ́lé, mo sì wọlé tì í. Aládùúgbò kan á gbé oúnjẹ wa sẹ́nu ọ̀nà, á kan ilẹ̀kùn, á sá lọ.

Yàrá yẹn gan-an ni ìyá mi ti ṣe opó bàbá mi, tí ẹ̀jẹ̀ ríru pa. Ó wo fèrèsé rẹ̀ kan ṣoṣo, ó ní:

"Ta ló tún kú fún mi?"

Bí oòrùn bá mú, páànù á máa ta lórí wa. A ń gbọ́ alùpùpù tó ń gun òkè, a ń gbọ́ ikọ́ ìyáálé. Bí eruku bá mú ìyá mi sín, àwa méjèèjì á wo ara wa, màá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀.

Kì í ṣe àìsàn nìkan ló ń bà á lẹ́rù. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà gbọ́dọ̀ lọ bá àwọn tó ti ṣẹ̀, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe, kó sì tọrọ àforíjì. A gbà pé ẹni tó bá gbé ìkùnsínú ẹlòmíràn dé òkè Arafa, níbi tí àwọn tó lọ sí Mẹ́kà ti ń gbàdúrà, òfo ló rìn. Àwọn tó kù ti wá sójú fèrèsé, wọ́n dúró lókèèrè, wọ́n dárí jì í. Ìyáálé nìkan ló kù. Mo ní kí n bá a jíṣẹ́, ìyá mi ní a kì í ránni ní irú ẹ̀bẹ̀ yẹn. Kò sì lè sún mọ́ ọn kó sọ ọ́ sí i létí.

Nígbà tí ìrìnàjò ku ọ̀la, lẹ́yìn ìrun alásárì, tí agboolé kún, ìyá mi ṣí fèrèsé, ó kúnlẹ̀ sórí àpótí kí ojú rẹ̀ lè hàn, ó ké pe ìyáálé rẹ̀. Ìyẹn fi ìborùn bo ẹnu, ó yọ sẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀.

"Ìyáálé mi, mo sọ ọ́ lọ́jà pé iyọ̀ ọbẹ̀ yín ló pa ọkọ wa. Ẹ dárí jì mí."

Ẹni tó ń fọṣọ dáwọ́ dúró. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n kò síbi tí mo lè sá sí nínú yàrá yẹn. Ìyáálé wúkọ́ títí, ó wá ní:

"Ìyàwó, ọjọ́ tó o sọ ọ́ ni mo ti gbọ́. Ṣé o rò pé ọjà ò létí ni? Mo ti dárí jì ọ́. Bó o bá dé Arafa, bá mi sọ fún Ọlọ́run pé bàbá náà fúnra rẹ̀ ló máa ń ní kí n bu iyọ̀ kún un."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ó ń sọ bẹ́ẹ̀ fún èmi náà," ó ní. "Mo sì ń bù ú fún un."

 Ìyáálé mi orí, ó wọlé.

Ara ìyá mi tutù nini ní Lomé, wọ́n jẹ́ kó wọkọ̀. Ìgbà tí mo padà sílé ni gíríìpù wá gbé èmi dè, mo tún há sínú yàrá kan náà. Ìyáálé, tí ara rẹ̀ ti yá, ló ń gbé ọbẹ̀ wá fún mi. Kò sí iyọ̀ kankan nínú rẹ̀. Mo ń jẹ ẹ́ tán.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí ilẹ̀kùn bá tì mọ́ yín, kí Ọlọ́run fi fèrèsé sílẹ̀ fún yín. Kí ẹni tí ẹ ṣẹ̀ wà láàyè láti dá yín lóhùn. Àmín.